Ìgbọ̀nwọ́ Kan Láàárín Ọ̀sán

Apá òsì ẹ̀wù mi ló kọ́kọ́ gùn jù mí lọ. Ẹ̀wù iṣẹ́ tí mo ti ń wọ̀ láti bí ọdún márùn-ún ni, mo mọ gbogbo ibi tí iná ti jó o lára. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan mo wọ̀ ọ́, apá ọ̀tún dúró sí ọrùn ọwọ́ bó ṣe máa ń dúró, tòsì bo àtẹ́lẹwọ́ mi títí dé ìdajì ìka. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa pé kó bá mi gé e. Ó fi téèpù wọn apá méjèèjì, ọgbọọgba ni wọ́n. Ó wo ẹ̀wù, ó wo ọwọ́ mi, ó wá rọra sọ pé, "Bàbá, ẹ̀wù kọ́ ló yí padà." Ó yíjú sí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà sọ pé arúgbó ti ń ṣàrán.

Wẹ́dà ni mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fi jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ìjàpá ni gbogbo ayé ń pè é, èmi ni mo sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ìfẹ́ tó ní sí ọkọ̀ ìjàpá, ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí róbótó yẹn, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní ìdí. Ẹnu rẹ̀ wúwo, ó ń tijú, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ tónítóní lẹ́nu iṣẹ́. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Géètì àti ìlẹ̀kùn irin ló ń gbọ́ bùkátà wa, ṣùgbọ́n ọkọ̀ iyanrìn, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń sáré lórí òkìtì iyanrìn létí òkun, ni iṣẹ́ ọkàn wa. Bí a bá gbọ́ pé ọkọ̀ ìjàpá kan wà níbì kan tí ẹni tó ni ín ti gbàgbé sẹ́yìn ilé, tí adìyẹ ti ń yé sínú rẹ̀, ara wa kò ní balẹ̀ àfi ká lọ gbé e. A ó ṣí ìkarahun rẹ̀ kúrò, yóò wá ku ṣáàsì, ìyẹn pẹpẹ irin tí gbogbo ọkọ̀ jókòó lé. Ṣáàsì yẹn gùn jù fún orí iyanrìn. Ọkọ̀ gígùn a máa fi ikùn kọ́ òkìtì. Nítorí náà a ó gé e láàárín, a ó yọ nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ kan kúrò, a ó sún iwájú mọ́ ẹ̀yìn, èmi ó sì jó wọn pọ̀. Ìjàpá yóò wá fi fáíbà mọ ara tuntun lé e, ara tí kò ní ìlẹ̀kùn, tí kò ní òrùlé. Táyà ẹ̀yìn yóò sanra ju ti iwájú lọ, iná méjèèjì yóò yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. A lè fi ọ̀sẹ̀ kan jiyàn lórí ọ̀dà nìkan. Ẹ kò tíì gbọ́ bó ṣe ń ké lórí òkìtì iyanrìn lẹ́bàá òkun. Ọkọ̀ á fò, inú ẹni á ṣófo, iyanrìn á kún ẹnu ẹni nítorí pé ẹ̀rín ni à ń rín. Ẹni tó bá ti gùn ún lẹ́ẹ̀kan kò tún bi wá pé kí ni àgbàlagbà ń fi ohun ìṣeré ṣe.

Mi ò kì í fọ́nnu, àmọ́ ẹ béèrè mi lọ́wọ́ àwọn wẹ́dà. Bí mo bá jó irin méjì pọ̀, tí mo sì fá ojú rẹ̀, èékánná kò ní kọ́ ọ. Ẹ lè fi ọwọ́ pa ṣáàsì náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ẹ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ti kúrò láàárín rẹ̀ rí. Ti Ìjàpá ni ìka. Àwọn tó ń ṣe fáíbà a máa fi ìka kàn án, kó, kó, kó, láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ há sí nínú rẹ̀. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé kò sí ohun tí kì í kàn: tábìlì, ife tíì, férémù ìlẹ̀kùn ilé onílé.

Èyí tí a bá gé kúrò nínú ṣáàsì, Àárín là ń pè é. Òfin ṣọ́ọ̀bù wa ni pé ẹni tó gé e ló ni ín. Mẹ́sàn-án ló wà lára ògiri lókè tábìlì mi, mo sì fi ọ̀dà funfun kọ ọdún sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìyàwó mi báyìí. Ìjàpá ló kọ́kọ́ rí i. Nígbà yẹn a kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, kò lè la ẹnu bá obìnrin sọ̀rọ̀, ló bá fi mí ṣe alárinà. Mo lọ. Mo débẹ̀, mo rí i, ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi kì í ṣe èyí tí wọ́n fi rán mi. Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi fi tọkọ jẹ́ ẹ. Mo padà wá sọ fún Ìjàpá pé obìnrin náà ní òun kò fẹ́. Ó kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kò burú. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, òun ló dúró tì mí. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, n kò sọ fún ìyàwó mi gan-an. Ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n ọdún ni, mo gbà pé ó ti kú, ó sì ti jẹrà.

Obìnrin oníwà ni ìyàwó mi. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, kò fi "o" bá mi sọ̀rọ̀ rí. "Ẹ" ni nínú ìfẹ́, "ẹ" náà ni nínú ìjà. Kódà bó bá fẹ́ bú mi, yóò ní, "Orí yín kò pé," yóò sì fi ọ̀wọ̀ kan orí náà. Orúkọ tí mo sọ ọ̀rẹ́ mi, kò jẹ́ kó wọ ẹnu òun. Ó ní ènìyàn kì í ṣe ẹranko. "Ọ̀rẹ́ yín" ló ń pè é, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ju ẹ kú ilé, ẹ kú ọ̀nà lọ.

Àìsàn àyà ló dá ìyàwó mi dúró sí ọsibítù. Dókítà pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní ó lè tó oṣù méjì, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀. Aago kan sí mẹ́rin ọ̀sán ni wọ́n máa ń jẹ́ kí àlejò jókòó ti aláìsàn. Ní ìrọ̀lẹ́, wákàtí kan péré. Mo ṣe ìpinnu mi: láàárọ̀ mo ń ṣiṣẹ́, bó bá di aago méjìlá mo fi irin sílẹ̀. Ọ̀sán yẹn ló kù fún èmi àti òun láyé. Mo fẹ́ jókòó síbẹ̀, kí n di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí a rántí gbogbo ohun tí a ti gbàgbé. Bóyá kí n tilẹ̀ jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ alárinà yẹn fún un, kó bú mi, kó sì dárí jì mí.

Ìjàpá ní kí a kọ́ ọkọ̀ kan sí i, ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá, kí a fi gbé ìyàwó mi lọ wo òkun bí ara rẹ̀ bá le díẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, ẹ wo ọ̀rẹ́. Ó lọ fúnra rẹ̀, ó fi ọjọ́ méjì rìnrìn àjò, ó sì fa ṣáàsì kan bọ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tí n kò rí sójú. Ṣáàsì náà mọ́ jù. Ọkọ̀ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò ní ìpẹtà kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò tutù bí irin ṣe ń tutù láàárọ̀.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ gé e, téèpù wa sọnù. Téèpù mẹ́ta la ní, kò sí ẹyọ kan. Mo fẹ́ lọ yá ti télọ̀, Ìjàpá ní kí n má ṣe wàhálà. Ó ní, "Ìgbọ̀nwọ́ kan náà ni a ṣáà ń gé. Gbé ọwọ́ lé e." Mo rẹ́rìn-ín, mo sì na apá òsì mi lé ṣáàsì náà láàárín. Ó tẹríba, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ìgúnpá mi, ó fa òmíràn sí ṣóńṣó ìka mi. Ó rọra fà á, bí ẹni tó ń kọ orúkọ. Mo rántí pé irin náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ awọ mi.

Mo gé e. Irin tí à ń gé a máa rùn, mo mọ òórùn rẹ̀ bí mo ṣe mọ òórùn ilé mi. Eléyìí rùn bí irun tí iná rá. Nígbà tí Àárín já bọ́, kò dún gbàǹgà lórí sìmẹ́ńtì. Ó dún bùtì. Kí n tó ṣí ìbòjú iṣẹ́ mi, Ìjàpá ti fi aṣọ wé e. Mo ní kó gbé e wá kí n kọ ọdún sí i. Ó ní òun ó kọ́kọ́ bá mi fá etí rẹ̀. N kò jiyàn, ta ni yóò bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jiyàn lórí àgékù irin? Mo sún iwájú mọ́ ẹ̀yìn, mo sì jó wọn pọ̀. Iṣẹ́ tó dára jù tí mo ṣe láyé mi ni.

Lọ́jọ́ kejì ni apá ẹ̀wù gùn. Ọjọ́ kejì náà ni ọ̀sán sọnù.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Aago méjìlá kù ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ní kí n jó ojú kan tó kù kí n tó lọ sí ọsibítù. Mo fa ìbòjú bo ojú. Mo tan iná, mo jó nǹkan tí kò ju ìbú àtàǹpàkò lọ, mo ṣí ìbòjú. Oòrùn ti kúrò lójú ìlẹ̀kùn, ó ti bọ́ sí ẹ̀yìn ilé télọ̀. Tíì tó ń gbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti tutù, eṣinṣin ti kú sínú rẹ̀. Aago márùn-ún. Ìjàpá wà nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ ọwọ́. Ó ní, "O ti ń sùn lẹ́nu iṣẹ́." Òórùn kan wà lára rẹ̀, òórùn ọṣẹ tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ọsibítù. Mo sọ fún ara mi pé imú mi ló ń ṣì mí.

Mo sáré lọ. Wákàtí ìrọ̀lẹ́ nìkan ló kù. Mo ti ń to àforíjì jọ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìyàwó mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ tún padà wá." Mo rò pé òògùn ló ń mú un. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń jáde, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ kí mi, ó ní ọkọ tó ń jókòó ti aya láti aago kan títí di mẹ́rin, tó tún padà wá ní ìrọ̀lẹ́, ó ṣọ̀wọ́n. Ó wo apá ẹ̀wù mi tí mo ká sókè, ó ní, "Bàbá, ẹ̀wù tí ẹ wọ̀ lọ́sàn-án bá yín mu ju èyí lọ."

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mo dákẹ́. Bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ irú rẹ̀ síta, ọsibítù wèrè ni wọn yóò mú un lọ. Lọ́jọ́ kejì n kò fọwọ́ kan irin rárá. Mo jókòó, mo tẹjú mọ́ aago. Méjìlá kù ìṣẹ́jú kan. Mo ṣẹ́jú. Márùn-ún. Ìbòjú wà lójú mi, n kò sì mọ ìgbà tí mo fà á bò ó. Télọ̀ sọ fún mi pé òun kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, òun rí mi bí mo ṣe jókòó gbọnrangandan, òun pè mí, n kò dáhùn, èémí mi kò sì gbé àyà mi sókè.

Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ààbọ̀. Mo gbìyànjú láti jáde nílé iṣẹ́ láago mẹ́wàá àárọ̀, kí n lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Mo dúró síbẹ̀ lóòótọ́. Bó ti di méjìlá, mo bá ara mi lórí àga mi ní ṣọ́ọ̀bù ní aago márùn-ún, bàtà mi kún fún eruku ọ̀nà. Ọjọ́ mi ti dà bí ṣáàsì wọ̀nyẹn: wọ́n ti gé àárín rẹ̀, wọ́n jó àárọ̀ mọ́ ìrọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ sì dán débi pé èmi nìkan ló mọ̀. Lálaalẹ́ ni ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín sí mi, tó ń ní, "Ẹ ṣé." Nígbà kan nọ́ọ̀sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé n kò kan irin ibùsùn ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ṣé ó ti rẹ ìka mi? Ó yẹ kí n ti mọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí a fọkàn tán, ojú ẹni kì í tètè là sí i.

Ọjọ́bọ̀ ni ìyàwó mi kú, láàárín aago mẹ́ta sí mẹ́rin. Nígbà tí mo dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ká aṣọ ibùsùn. Nọ́ọ̀sì dì mọ́ mi. Ó ní kí n má sunkún jù, wẹ́rẹ́ ló lọ, ọwọ́ mi ló dì mú. Ó ní ìyàwó mi ní kí n ṣí fèrèsé kí òun gbọ́ ariwo òde, mo sì jà pẹ̀lú fèrèsé náà títí ó fi ṣí, ó wá bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì dákẹ́. Nọ́ọ̀sì ń sọ fún mi bí ìyàwó mi ṣe kú lọ́wọ́ mi, mo sì ń mi orí bí ẹni tó mọ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ilé ṣófo. Ìjàpá jókòó tì mí ní pálọ̀, ó ti sunkún jù mí lọ, ojú rẹ̀ ti wú. Ó kan apá àga rẹ̀, kó, kó. Ó wá mí kanlẹ̀, ó ní, "Fèrèsé yẹn náà, irin ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dípẹtà. Ó yẹ kí wọ́n máa fi òróró sí i."

Mo ń wo ìka rẹ̀. Ó wòye ohun tó ti sọ, ó dìde, ó ní òun ń lọ sílé. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Mo ti ń sọ òwe yẹn láti kékeré, n kò mọ̀ pé èmi ni ẹ̀fọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá dúró láàárín ilé, ó ti parí, ọ̀dà pupa rẹ̀ dán, kò sẹ́ni tó gbé e débi òkun. Mo tú gbogbo rẹ̀ wò. Abẹ́ tìmùtìmù àga awakọ̀ ni mo ti bá Àárín, nínú aṣọ tó fi wé e. Ó ti dán nítorí ìjókòó. Mo gbé e lé apá òsì mi, ó bá a mu láti ìgúnpá dé ṣóńṣó ibi tó yẹ kí ìka mi dé. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìgbà tí n kò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo gbé e mọ́ra, mo sunkún.

Ìjàpá bá mi níbẹ̀. Kò sá, kò sì sẹ́. Ó jókòó lórí táyà kan, ó sọ pé bàbá tó ta ṣáàsì náà fún òun ló kọ́ òun: ẹni tí a bá fi apá rẹ̀ wọn ṣáàsì yìí, ọ̀sán rẹ̀ ló gé, ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó lé Àárín rẹ̀ ló ń lò ó títí ọ̀sán ọjọ́ náà yóò fi parí, ojú ẹni tó gé e ni yóò sì wọ̀ jáde. Ó ní ọ̀sán nìkan ni òun fẹ́, òun kò fẹ́ ẹ̀mí mi.

Mo bi í pé kí ni mo ṣe fún un.

Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ṣé o rò pé n kò mọ̀? Ọdún kan lẹ́yìn ìgbéyàwó yín, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ mi nílé wọn. O gé mi kúrò láàárín, o jó ojú ẹ̀ pọ̀, o sì fá a. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń jẹun nílé ẹ."

Mo dìde, mo na ọwọ́ sí ẹ̀rọ ìgérin. Ìgbà náà ni ẹ̀rù bà á. Ó di apá ẹ̀wù mi tó gùn mú, ó ní, "Má dá a padà síbẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́. Ohun tó wà nínú ẹ̀ kò ní tù ọ́ lára."

Mo tì í sẹ́yìn. Mo gé ọkọ̀ náà láàárín, mo gé e kọjá láti ara fáíbà pupa títí dé irin, iṣẹ́ oṣù kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Mo wá ojú ìjórin mi títí, n kò rí i àfi ìgbà tí mo rántí ibi tí ìgúnpá mi wà lọ́jọ́ náà, mo sì gé e níbẹ̀. Mo fa iwájú kúrò lára ẹ̀yìn, mo gbé Àárín sí àyè rẹ̀, mo fa ìbòjú bo ojú, mo sì jó o padà. Kò tíì tutù tí gbogbo ọ̀sán mi fi wọlé dé.

Wọn kò wá bí àlá. Wọ́n wá bí ohun tí mo ṣe fúnra mi, tí mo kàn gbàgbé. Mo jókòó ti ibùsùn, mo rí ọwọ́ ara mi lórí ọwọ́ rẹ̀. Lọ́sàn-án àkọ́kọ́ ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Ẹ tètè dé lónìí." Lọ́jọ́ kejì náà, "ẹ" ni. Lọ́jọ́ kẹta, ó ń wo òrùlé, ìka mi sì kan irin ibùsùn, kó, kó, kó. Ìyàwó mi yí orí rẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Ó wo ojú mi, ojú mi gan-an, ó wò ó pẹ́.

Ó ní, "Ìwọ ni."

Ìka mi dúró. Ìyàwó mi bojú wo ẹ̀yìn, bóyá nọ́ọ̀sì wà nítòsí. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Jókòó. Má sọ fún un."

Láti ọjọ́ náà, "o" ni. O pẹ́ lónìí. Ṣé o ti jẹun? Ìjàpá sọ ọ̀rọ̀ alárinà fún un, gbogbo rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tó fi rán mi nígbà náà tí n kò jẹ́. Ìyàwó mi gbọ́ wọn tán, ó ní kó tún wọn sọ. Lójoojúmọ́ ló ń ní kó tún wọn sọ. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Ní aago mẹ́rin yóò dákẹ́, yóò tún irun rẹ̀ ṣe, yóò máa dúró de ìrọ̀lẹ́, ìgbà tí èmi yóò sáré wọlé pẹ̀lú apá ẹ̀wù gígùn, tí yóò ní, "Ẹ ṣé tí ẹ tún padà wá." Kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀kan. Kò fi "o" pè mí, kò fi "ẹ" pè é.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kẹ́yìn ó ní kó ṣí fèrèsé. Ariwo òde wọlé. Ó fa ọwọ́ mi mọ́ra, ó sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sétí mi: "Ìjàpá, o jíṣẹ́ ara rẹ nígbẹ̀yìn. Èmi ì bá fẹ́ ọ." Orúkọ tí kò jẹ́ kó wọ ẹnu rẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún, òun ló fi kú.

Mo ṣí ìbòjú. Oòrùn ṣì wà lójú ìlẹ̀kùn, aago kan ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Apá ẹ̀wù òsì mi dúró sí ọrùn ọwọ́, níbi tó yẹ kó dúró.

Ìjàpá jókòó sórí táyà, ojú rẹ̀ ṣófo bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò. Ó ń kan orúnkún ara rẹ̀, ó ń wá nǹkan. Ó ní òun rántí pé òun jókòó síbì kan, fèrèsé kan wà níbẹ̀, ẹnìkan ń bá òun sọ̀rọ̀. Ó gbójú sókè sí mi. Ohùn tó fi rán mi níṣẹ́ nígbà èwe wa náà ló fi bi mí, ohùn ẹni tó ń tijú.

"Jọ̀wọ́," ó ní. "Kí ló sọ?"

Mo wò ó. Gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ kan kò yingin. Tirẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi. Òun ni wọ́n fi rán mi sí.

Mo ní, "Kò sọ nǹkan kan."

Ó kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kò burú. Ṣùgbọ́n kò lọ. Láti ìgbà náà, bó bá ti di aago kan ọ̀sán, yóò wọlé, yóò jókòó sórí táyà yẹn, yóò sì bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Títí di aago mẹ́rin ni yóò máa wò mí lẹ́nu. N kò lè ṣiṣẹ́ lójú rẹ̀, n kò sì lè lé e. Gbogbo ọ̀sán mi ló ń lọ síbẹ̀.